Igi Ńlá Kọ́ Ló Ń Gbé Iná Rìn

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí màjàlà ń já bọ́ sínú àgbàlá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ kan náà ni màá gbọ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà: "Bí wọ́n bá gé igi igbó Òmò yẹn kúrò, iná á sinmi." Ó máa ń dùn mí, torí òdìkejì gan-an ló máa ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá ti dáko rí mọ ohun tí iná ń jẹ. Kò sẹ́ni tó ń ṣáná sí ìdí ìrókò tútù kó gbiná. Ewé gbígbẹ, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ àti koríko ni. Agégẹdú á gbé ìtì lọ, á fi orí igi àti ẹ̀ka sílẹ̀ káàkiri. Òjìji lọ, oòrùn wọlé, koríko hù, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Oko tí a ṣán tí a kò tíì sun ló fi sílẹ̀ yẹn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí i lórí òkè tiwọn. Láti 1935 títí wọ àwọn ọdún 1970, àṣẹ wọn ni pé iná igbó tí wọ́n bá rí lónìí, kí wọ́n pa á kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la tó lù. Bẹ́ẹ̀, nínú igbó páìnì, igi kan tó wọ́pọ̀ lórí òkè wọn, iná kékeré ló ti ń jó pàǹtí ilẹ̀ kúrò látayébáyé. Èèpo páìnì ńlá nípọn, irú iná bẹ́ẹ̀ kì í jó o wọnú. Nígbà tí iná kékeré ò wá mọ́, igi wẹ́wẹ́ hù há ara wọn. Ọjọ́ tí iná bá wá bọ́ lọ́wọ́ wọn, á fi igi wẹ́wẹ́ yẹn ṣe àkàbà, á gun orí àwọn ńlá. Ní báyìí, wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi ńlá sílẹ̀, wọ́n sì ń sun pàǹtí nígbà tí ojú ọjọ́ bá rọ̀. Nígbà tí iná igbó tí wọ́n pè ní Bootleg jà ní ìpínlẹ̀ Oregon lọ́dọ̀ wọn ní 2021, ibi tí wọ́n ti ṣe méjèèjì ni igi ti yè jù. Ní òkè téńté tó tutù, ọ̀dá àti afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ, gígé igi kò fi bẹ́ẹ̀ dá iná dúró níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí lọ dáná sínú Òmò. Igbó òjò ni, iná kì í ṣe ara ayé rẹ̀. Òjìji àti ọ̀rinrin ló ń dáàbò bò ó. Oko tíìkì ló yàtọ̀: ó ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí á ṣán, kí á sì kó ewé rẹ̀ kúrò létí ọ̀nà. Ẹni tó bá sì fẹ́ sun oko, kó kọ́kọ́ ro ààlà yí i ká títí dé ilẹ̀ pupa, kó dúró di ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kó pe èèyàn, kó gbé omi dání, kó má sì kúrò níbẹ̀ títí eérú á fi tutù.