Wíńdò mi ń háǹgì, kí ló ṣe é? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń fi Tkinter kọ áàpù

Àbúrò mi kan ń kọ áàpù kékeré fún màmá ẹ̀ tó ń ta ìrẹsì, èyí tí wọ́n á máa fi kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sílẹ̀, táá sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán wọn létí gbèsè. Python ló fi ń kọ ọ́, Tkinter ló fi ṣe ojú ẹ̀. Ó ti fi ìbéèrè kún WhatsApp mi, mo wá ní kí n kó díẹ̀ síbí, torí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa bá wọn pàdé dandan ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ti tẹ bọ́tìnì tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ báyìí, wíńdò yẹn á kàn funfun, Windows á kọ "Not Responding" sórí ẹ̀, mi ò ní lè fà á, mi ò ní lè pa á. Tó bá yá á tún padà bọ̀ sípò. Ṣé laptop mi ni?

Ìdáhùn: Laptop ẹ ò ṣe nǹkan kan jàre. root.mainloop() tó wà nísàlẹ̀ kóòdù ẹ yẹn, ìyá olóúnjẹ tó dá wà ní búkà ni. Òun ló ń gbọ́ ohun tí kọ́sítọ́mà fẹ́ jẹ, òun ló ń bù ú, òun náà ló ń nu tábìlì. O tẹ bọ́tìnì o, o fa wíńdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ o, gbogbo ẹ̀ ló ń tò síwájú ẹ̀ tó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ wá rán an lọ ra ata lọ́jà! Kó tó dé, ta ni kó bu oúnjẹ? Tí Windows bá pe áàpù fún bíi sẹ́kọ́ndì 5 tí ò dáhùn, á ní kò gbọ́ràn mọ́. Mo wo kóòdù ẹ, time.sleep(2), tó ń ní kí kóòdù dúró fún sẹ́kọ́ndì 2, lo fi sáàárín àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí èkejì, ajigbèsè 15 ló sì wà nínú lísìtì, ìyẹn ti tó bíi sẹ́kọ́ndì 30 tí ìyá olóúnjẹ ò fi sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Yọ sleep yẹn kúrò. Jẹ́ kí function ẹ fi ẹyọ kan péré ránṣẹ́, kó wá parí pẹ̀lú root.after(2000, fi_ranse), fi_ranse ni orúkọ function yẹn. after kì í dúró ní tiẹ̀, ńṣe ló kàn ń sọ fún ìyá olóúnjẹ pé tó bá di sẹ́kọ́ndì 2 sí i kí wọ́n rántí ṣe nǹkan báyìí, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é, ó dáa díẹ̀, àmọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà, ó tún ń háǹgì.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹyọ kan yẹn gan-an ti wá gùn. Ó ti di dandan kó o gba ọmọ iṣẹ́, threading.Thread nìyẹn. Òun ni kó máa lọ sọ́jà, àmọ́ kó má fọwọ́ kan abọ́ kọ́sítọ́mà o! Thread ò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ ojú Label padà fúnra ẹ̀, torí ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kó dojú dé lọ́la láìsí ìdí kan tó o máa rí. Kó ju èsì sínú queue.Queue, bí ìgbà tó gbé apẹ̀rẹ̀ ata sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mainloop á wá máa fi after(100, ye_apere_wo) yọjú wò ó. Àwọn kan á ní kó o kàn ju root.update(), tó ń ní kí wíńdò dáhùn ohun tó ti tò sílẹ̀, sínú lọ́ọ̀pù, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá: tí màmá ẹ bá tún tẹ bọ́tìnì yẹn nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò tíì parí, function á wọ inú ara ẹ̀, àwọn ajigbèsè á gba àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè: Bọ́tìnì "Pa á rẹ́" ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ bí áàpù bá ṣe ń ṣí. Tí mo bá wá tẹ̀ ẹ́, kò ṣe nǹkan kan.

Ìdáhùn: O kọ command=pa_re(). Àmì () yẹn ló ní kó ṣe é báyìí báyìí. Kọ command=pa_re lásán. Tó o bá wá fi lọ́ọ̀pù ṣe bọ́tìnì fún ajigbèsè kọ̀ọ̀kan, lambda i=i: pa_re(i) ni kó o kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo bọ́tìnì á máa pa ẹni tó kẹ́yìn rẹ́, inú ẹni yẹn á sì dùn gan-an.

Ìbéèrè: Fọ́tò ìrẹsì tí mo fi sókè ò hàn, kò sì sí error.

Ìdáhùn: Inú function lo ti ṣe PhotoImage. Bí function yẹn ṣe parí báyìí, Python wò ó pé kò sẹ́ni tó di fọ́tò yẹn mú mọ́, ó kó o dà nù. Kọ label.image = foto, ó parí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èyí ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ṣẹ́gun wà nínú lísìtì, mo ń fojú rí i, mo wá Ṣẹ́gun, ó ní kò sí!

Ìdáhùn: Àmì orí Yorùbá ló ń bá ẹ ṣeré. Ojú wa rí létà 5, Python lè ka 6, ó sì lè ka 8, ó dọ́wọ́ kíbọọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kíbọọ̀dù kan á fún ẹ ní létà ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ lára tẹ́lẹ̀, á wá fi àmì òkè lé e, òmíràn á fún ẹ ní e lásán, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àmì òkè lọ́tọ̀. Lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà wọn ò jọra. Fi unicodedata.normalize("NFC", oruko), tó ń sọ gbogbo ẹ̀ di oríṣi kan náà, sí i nígbà tó o bá ń tọ́jú orúkọ àti nígbà tó o bá ń wá a.

Àmọ́ màmá ẹ ò ní tẹ àmì kankan, Segun ni wọ́n máa kọ, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ mọ̀. Fún wíwá nìkan, fi NFD, tó ń ya létà àti àmì sọ́tọ̀, tú orúkọ, yọ gbogbo ohun tí unicodedata.category bá pè ní Mn, ìyẹn àwọn àmì tó ń lé létà, kó o wá fi wéra. Orúkọ tó ní àmì ni kó o máa fi hàn wọ́n. Tó bá mú ẹni méjì jáde, fi àwọn méjèèjì hàn pẹ̀lú iye tí wọ́n jẹ, màmá mọ ajigbèsè wọn.