Pólíìṣì mọ́tò: fífá ni wọ́n ń fá a, wọn ò kùn ún

Ẹ gbé mọ́tò dúdú tó ti lo ọdún mélòó kan l'Abẹ́òkúta sójú oòrùn ọ̀sán, kẹ́ẹ wá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáadáa. Ibi tí oòrùn ti ń tàn padà síni lójú gan-an, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ló máa yí i ká, róbótó róbótó. Kò sẹ́ni tó ya róbótó kankan síbẹ̀ o. Gbogbo ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn ló ti nílà, òmíì nàró, òmíì dábùú, àmọ́ èyí tó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tan iná padà sójú wa, ìdí nìyẹn tó fi ń rí róbótó. Ọwọ́ wa náà la fi fà á. Táa bá jí láàárọ̀ ọyẹ́ táa mú ìyẹ́ tí wọ́n fi ń gbọn eruku, táa fi nu mọ́tò ní gbígbẹ láì bu omi sí i, tàbí tọ́mọ tó ń fọ mọ́tò ní Panṣẹ́kẹ́ jẹ́ kí àkísà já bọ́ sílẹ̀, tó mú un padà, tó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ìlà dé nìyẹn. Ìlú orí àpáta nìlú wa, yanrìn tó ti ara àpáta wó wà nínú eruku yẹn, ó sì le ju ọ̀dà mọ́tò lọ fíìfíì.

Ohun tó wá ń múni bínú ni báwọn èèyàn ṣe gbà pé pólíìṣì jẹ́ ìpara kan tí wọ́n fi ń dí ojú ìlà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ṣe ni wọ́n ń fá ojú ọ̀dà lọ sílẹ̀ títí á fi bá ìsàlẹ̀ ìlà dọ́gba. Ọ̀dà mọ́tò òde òní, pírámà, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn, ló wà lórí irin, àwọ̀ tẹ̀lé e, kílíà tí ò ní àwọ̀ kankan ló wà lókè pátápátá, òun ló ń dán, òun náà ló ń gba oòrùn àti ìlà sára kí àwọ̀ abẹ́ ẹ̀ má baà ṣá. Ẹni tó ronú kan kílíà yìí gbọ́n gan-an, torí ó fi nǹkan tó ṣeé fá síwájú nǹkan tí ò ṣeé fá. Àmọ́ kò nípọn. Kílíà tó bá ilé iṣẹ́ wá sábà máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 35 sí 50, bẹ́ẹ̀ máíkírọ́ọ̀nù 1000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Inú ibi tín-ín-rín yẹn ni gbogbo iṣẹ́ pólíìṣì ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí gírédà tó ń tún títì oníyẹ̀pẹ̀ ṣe lápá Ọbáńtokò ti mọ pólíìṣì. Òjò ti gbẹ́ kòtò gbọọrọ sójú títì, gírédà dé, ó ń gé ilẹ̀ ọ̀tún àti tòsì wálẹ̀, ó ń ti yẹ̀pẹ̀ tó gé sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ilẹ̀ tó kù á fi bá ìsàlẹ̀ kòtò dọ́gba, kòtò tán nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e òjò tún gbẹ́ ẹ, gírédà tún padà wá, ẹ ó rí i pé ilé àwọn èèyàn ti ń ga ju títì lọ, àtẹ̀gùn tó jẹ́ méjì ti di márùn-ún, páìpù omi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ti yọ síta, tó bá yá gírédà á kan àpáta, kò tún sí ohun tó máa gé mọ́. Bí kílíà náà ṣe ń lọ sílẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pólíìṣì mọ́tò, iye ìgbà tó ṣeé fá níye. Ìdí nìyẹn tẹ́ni tó mọṣẹ́ fi máa kọ́kọ́ fi èékánná yẹ ìlà wò. Tí èékánná bá há sí i, ìlà yẹn ti jìn jù, kí wọ́n kàn fá etí ẹ̀ díẹ̀ kó má hàn tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Òrùlé tí kílíà ẹ̀ ti ń bó, tó ti funfun káàkiri, ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà ni kó lọ.

Fífọ mọ́tò, fífi amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò yọ ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, fífi tépù bo rọ́bà, ìyẹn ò gba àlàyé. Ibi tó dùn ni ìgbà tí máṣíìnì tó ń yí páàdì bá délẹ̀. Ojú ibì kan tí ò tóbi ni wọ́n á kọ́kọ́ dán wò, páàdì fóòmù tó rọ̀ àti kọ́ńpáùn tó kúnná, ìyẹn ìpara tó ń fá ọ̀dà, ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, tí ìlà ò bá lọ ni wọ́n á tó gbé èyí tó le jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ti orí èyí tó le jù bẹ̀rẹ̀, páàdì onírun àgùntàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kíá ló ń yá, kíá náà ni kílíà ń tán. Máṣíìnì tó ń yí lójú kan ń gbóná kíákíá, èyí tó ń yí tó tún ń mì ò yára tó o, àmọ́ àṣìṣe inú ẹ̀ kéré. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ibi tó ṣẹ́po ló léwu jù, torí ọ̀dà tinrín níbẹ̀, gbogbo agbára máṣíìnì á sì wá dúró lórí ibi tóóró yẹn. Ẹ máa wo ojú páàdì. Lára mọ́tò pupa tó ní kílíà, nǹkan funfun ló máa wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí pupa, ẹ pa máṣíìnì, kílíà ti tán níbẹ̀, àwọ̀ lẹ ti ń fá. Àfi mọ́tò àtijọ́ tí ò ní kílíà látilẹ̀, ìyẹn á máa yọ àwọ̀ bó ṣe yẹ kó yọ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni òróró tó wà nínú kọ́ńpáùn. Òróró náà wúlò, kì í jẹ́ kí páàdì gbẹ, àmọ́ á wọnú ìlà lọ jókòó, ìlà ò ní hàn mọ́ fúngbà díẹ̀. Mọ́tò á dán yanran lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, òjò mélòó kan, ọṣẹ mélòó kan, gbogbo ìlà ti padà, onímọ́tò á máa sọ kiri pé pólíìṣì kì í pẹ́. Ìlà tí wọ́n bá fá tán ti lọ nìyẹn o, èyí tó padà wá, wọn ò fá a rí, òróró ni wọ́n fi bò ó, ibẹ̀ gan-an sì ni èrò pé pólíìṣì ń dí ojú ìlà ti ń lágbára sí i. Ó yẹ kó jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí pé kí wọ́n fi sípírítì tí wọ́n bomi lù nu ibi tí wọ́n ṣe, kí òróró kúrò, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i níṣojú oníbàárà kí wọ́n tó fi wax, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà, bò ó. Tí wax bá ti gorí ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ èyí tí wọ́n fá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bò.