Ta ni Servius Tullius gan-an? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa Róòmù ayé ọba

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa Róòmù nígbà tí ọba ṣì ń jẹ níbẹ̀. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìgbà náà fi ṣòroó dì mú?

Torí pé àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò bá a láyé. Ohun táwọn ará Róòmù gbà ni pé Romulus tẹ ìlú dó ní ọdún 753 ṣáájú ìbí Jésù, àti pé ọba méje ló jẹ kí wọ́n tó lé Tarquinius Agbéraga lọ ní 509. Livy, òpìtàn Róòmù tí gbogbo ayé ń kà, kọ tirẹ̀ ní bí 480 ọdún lẹ́yìn náà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé iná táwọn Gaul, ẹ̀yà kan tó wá gbógun ja Róòmù, sọ sí ìlú ti jó èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́. Ẹ tún ṣírò rẹ̀ wò: ọba méje láàárín 244 ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 35 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n pa méjì nínú wọn, wọ́n sì lé ọ̀kan. Lójú tèmi, orúkọ àwọn kan ti bọ́ sọnù lẹ́nu àwọn òpìtàn.

Ìbéèrè: Ṣé irọ́ ni gbogbo ẹ̀ nígbà náà?

Rárá o. Ní 1899, Giacomo Boni gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ òkúta dúdú kan ní Forum, gbàgede àárín ìlú Róòmù, ó sì bá òkúta mìíràn nísàlẹ̀ tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ Látìn àtijọ́ sí lára. Àwọn ìlà rẹ̀ ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, bí àgbẹ̀ tó kọ ebè kan dópin tó wá yí padà sí èkejì. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀: *recei*, ìyẹn ni pé fún ọba.

Ìbéèrè: Ọba wo lẹ bá mú?

Servius Tullius, ọba kẹfà nínú àwọn méje náà. Livy ní ọmọ obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ni, pé iná ràn yí orí rẹ̀ ká lójú oorun láàfin, tí ayaba Tanaquil sì ní kí wọ́n má jí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 48 lẹ́yìn ìbí Jésù, Claudius, olú ọba Róòmù nígbà náà, sọ fáwọn ìgbìmọ̀ ìlú pé àwọn ará Etruria, ilẹ̀ tó wà ní àríwá Róòmù, ní Mastarna lorúkọ ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀, jagunjagun tó ń tẹ̀ lé Caelius Vivenna. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lára idẹ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí wọ́n ṣí ibojì kan ní Vulci, ìlú Etruria kan, ní 1857, wọ́n bá a lára ògiri: Macstrna, ìyẹn Mastarna, ń fi idà gé okùn ọwọ́ Caelius ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa Tarquinius kan, ará Róòmù. Àwòrán yẹn dàgbà ju ìwé Livy lọ dáadáa. Èmi ì bá lo méjèèjì: kí àwọn ará ààfin máa sọ ìtàn iná, kí wọ́n lè fi bo ti idà mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni ilé àti oúnjẹ wọn ṣe rí?

Ẹ má fi mábù sí i, ẹ má fi owó ẹyọ sí i. Idẹ tí wọ́n ń wọ̀n lórí ìwọ̀n ni wọ́n ń ná. Ọkà kan tí wọ́n ń pè ní *far* ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń sè bí ògì tó ki. Fún ayé Romulus, ihò òpó táwọn awalẹ̀pìtàn rí lórí òkè Palatine ní 1948 ti tó yín: ilé alámọ̀, koríko lórí. Tó bá di ayé Servius, àwọn ọlọ́lá ti ń fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀, amọ̀ sísun ni wọ́n sì fi ń bo òrùlé. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ariwo rẹ̀ kò ní jọ ti orí koríko.