Sẹ́ẹ̀lì Funfun Tó Ga Lára Alátọ̀gbẹ: Kì í Ṣe Kòkòrò Nìkan Ló Ń Fà Á

"Dókítà, ẹ wò ó, kòkòrò ti wọnú ẹ̀jẹ̀ mi." Bàbá kan tó ti ń bá àtọ̀gbẹ fínra tipẹ́ ló na èsì àyẹ̀wò sí mi. Sẹ́ẹ̀lì funfun wọn, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 11,600, láàbù fi lẹ́tà H, tó túmọ̀ sí pé ó ga, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá ti fi báírò pupa yí i ká, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kápúsù apakòkòrò tó ṣẹ́ kù nílé.

Ọ̀pọ̀ láàbù ló fi ààlà sí 4,000 sí 11,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ẹ̀kán tó kéré gan-an. Mo yẹ̀ wọ́n wò: kò sí ibà, kò sí ikọ́, ìtọ̀ wọn mọ́. Mo ní kí wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni egbò máa ń fara pa mọ́ sí láìdun alátọ̀gbẹ. Kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí mo fi téèpù yí ikùn wọn ká ni mo rí ohun tí mò ń wá: 112 sẹ̀ǹtímítà.

Ọ̀rá tó rọ̀gbà yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká kì í jókòó lásán. Ó ń tú àwọn èròjà bíi IL-6 sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń ti mùdùnmúdùn eegun láti pèsè sẹ́ẹ̀lì funfun sí i, àfi bí ẹni pé ọgbẹ́ wà níbì kan. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ náà kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Bí ikùn bá dín kù, iye sẹ́ẹ̀lì funfun sábà máa ń wálẹ̀. Sìgá náà ń gbé e sókè. Abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, tí wọ́n ń gún sí orúnkún lè gbé òun àti ṣúgà sókè pa pọ̀, bẹ́ẹ̀ aláìsàn kì í ka abẹ́rẹ́ orúnkún mọ́ oògùn tó ń lò. Ẹ bi í léèrè dáadáa.

Pé sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ kò ní kí wọ́n lágbára o. Bí ṣúgà bá ga, wọn á pẹ́ kí wọ́n tó dé ojú egbò, wọn ò sì ní lè gbé kòkòrò mì bó ṣe yẹ.

Ti àwa aláwọ̀ dúdú tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kéré láti ìran wá, 3,500 lè jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Ẹni tó ń ní 3,800 lọ́dọọdún, tó wá ní 9,500 lójijì, láàbù ò ní fi H kankan sí tiẹ̀, ṣùgbọ́n èmi á ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, tó ń bì, tó ń mí gúlegúle, ọsibítù ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, ìbáà má sí ibà.

Mo ní kí Bàbá gbé kápúsù yẹn jù sílẹ̀, mo wá ṣí fáìlì wọn. Èsì ọdún tó kọjá wà níbẹ̀: 11,200. Kò sẹ́ni tó fi báírò yí i ká.