Ẹ̀rọ amúlégbóná onígáàsì fún ilé iṣẹ́ ńlá

Ẹ̀rọ amúlégbóná onígáàsì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní híta, ni ẹ̀rọ tó ń fi iná gáàsì lé òtútù kúrò nínú ilé ràgàjì: ilé ìkẹ́rùsí, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọjà jáde, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Nílẹ̀ Yorùbá, ooru gan-an là ń sá fún, nítorí náà Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà ni ọmọ Yorùbá tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ti sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ náà ti pẹ́: ọdún 1888 ni ilé iṣẹ́ Reznor bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Mercer, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania.

Gáàsì kan náà ni gbogbo wọn ń jó. Ọ̀nà tí ooru ń gbà dé ara èèyàn ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò.

Èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná

Òkè àjà ni wọ́n máa ń so èyí kọ́. Iná ń jó nínú àgbá irin, fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ilé gba ara irin náà kọjá, èéfín sì ń gba páìpù jáde síta. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń fi nǹkan bí 80% agbára gáàsì sílẹ̀ fún ilé. Ìyókù bá èéfín lọ. Àwọn ti àtijọ́ tún ní iná kékeré kan tó ń jó tọ̀sán-tòru, yálà ilé ń fẹ́ ooru tàbí kò fẹ́. Òfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí ìyẹn fún híta alásokọ́ tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2008: iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tàn nígbà tí iṣẹ́ bá wà nìkan, kí ó sì ní fáànù tó ń ti èéfín jáde tàbí ìdérí tó ń pa ojú páìpù èéfín dé fúnra rẹ̀.

Oríṣi kan wà tó ń lépa ooru tó bá èéfín lọ yẹn. Bí gáàsì bá jó, kábọ́nì dáyọ́ksáìdì àti oru omi ló ń di, oru omi yìí nìkan sì ń gbé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára gáàsì lọ. Bí èéfín bá tutù kọjá nǹkan bí 55°C, oru náà á di omi, á sì tú ooru tó gbé pamọ́ sílẹ̀. Híta tó ń ṣe báyìí máa ń dé 90% sókè. Ṣùgbọ́n omi tó ń sẹ̀ kan bí omi ọsàn, ó ń jẹ irin, nítorí náà irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ń ṣe inú rẹ̀, ó sì ń fẹ́ páìpù tí omi náà á gbà ṣàn lọ láìdi yìnyín. Owó rẹ̀ ga ju ti ìṣáájú lọ.

Èyí tí kò ní páìpù èéfín

Nínú oríṣi yìí, àárín afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gan-an ni iná ti ń jó. Kò sí ooru tó gba páìpù èéfín sá lọ, èyí ló mú kí àwọn tó ń tà á máa fi yangàn. Ohun tí iná jó sílẹ̀ náà wọlé, títí kan kábọ́nì mónọ́ksáìdì díẹ̀, nítorí náà ilé tó nílò afẹ́fẹ́ tuntun púpọ̀ ló tọ́ sí. Ilé tí kò nílò rẹ̀ á kàn máa mú afẹ́fẹ́ òde gbóná kó tó lé e jáde padà ni.

Èyí tó ń tan ooru bí oòrùn

Ẹni tó bá ti yá oòrùn láàárọ̀ ọyẹ́ ti mọ bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́: afẹ́fẹ́ ṣì tutù, ara ti ń móoru. Iná ń jó nínú páìpù irin gígùn lábẹ́ àjà, páńẹ́lì tó ń dán sì bo orí rẹ̀ kí ìtànṣán lè dojú kọ ilẹ̀. Oríṣi kejì ń mú àwo amọ̀ pẹlẹbẹ pọ́n yòò. Ó gbóná ju páìpù lọ gan-an, wọn kì í sì í sábà so páìpù èéfín mọ́ ọn, nítorí náà ilé gbọ́dọ̀ ní ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jáde. Ibi tí eruku tàbí òórùn tó lè gbiná bá wà kì í ṣe àyè rẹ̀.

Ilẹ̀, ẹ̀rọ àti èèyàn ni ìtànṣán ń bá. Bí ilẹ̀kùn ńlá bá ṣí, afẹ́fẹ́ lè lọ, ooru tó wà nínú kọnkéré ilẹ̀ kò lọ. Wọ́n sì lè tan èyí tó wà lókè àwọn òṣìṣẹ́ nìkan, kí wọ́n pa ìyókù. Àmọ́ pẹpẹ ẹrù gíga a máa dí i lọ́nà, àjà kúkúrú a sì máa jó orí èèyàn.

Bí a ṣe ń ka iye tó wà lára wọn

Òfin àjọ European Union tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2018 kò gbà kí èyí tó ń pọ́n yòò rẹlẹ̀ ju 85% lọ, tàbí onípáìpù ju 74% lọ, tí a bá ro gbogbo àsìkò òtútù pọ̀. Fún èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, 78% ni láti ọdún 2021, yàtọ̀ sí irú kan tí òfin ní 68% tó fún. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ńlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná fún ilé ìṣòwò gbọ́dọ̀ dé 81% láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n ìgbà tí iná ń jó tọwọ́tọsẹ̀ ni wọ́n wọn ìyẹn. Òṣùwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, a kì í sì í fi kóńgò wọn aṣọ.

Ìwé ìpolówó kan lè kọ 105% fún híta tó ń sọ oru di omi. Kò purọ́: kò ka ooru tó wà nínú oru omi mọ́ agbára gáàsì ni. Bí a bá kà á mọ́ ọn, nǹkan bí 95% ló kù.

Iye wọ̀nyí kò sì sọ ibi tí ooru lọ lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Nínú ilé tó ga ní mítà mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ gbígbóná á lọ kóra jọ sábẹ́ páànù nígbà tí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ń di yìnyín, àfi tí fáànù àjà bá ń tì í wálẹ̀. Ìdí nìyí tí onípáìpù tí iye rẹ̀ kéré fi lè jó gáàsì tó dín sí ti 95% nínú ilé ọkọ̀ òfuurufú. Nínú ilé ìkẹ́rùsí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé dáadáa, tí gbogbo ọjà inú rẹ̀ sì nílò ooru kan náà, ẹ̀rọ tó ń sọ oru di omi ló sábà máa ń yege. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò ní tètè rí àfikún owó rẹ̀ gbà padà.