Bí Irin Ṣe Ń Mọ Irin: Ẹgbẹ̀rún Kìlómítà Àkọ́kọ́ Alùpùpù Ìrìnàjò Jíjìn

Ẹni tó bá ra alùpùpù ńlá tuntun fún ìrìnàjò jíjìn, irú bíi BMW R 1300 GS tí wọ́n ń ṣe nílùú Berlin, yóò gbọ́ pé kò gbọdọ̀ fún un níná tán kí ó tó rin 1,000 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí àṣẹ pé kí àwọn máa rọra lọ ṣáá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í, torí pé jẹ́jẹ́ nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnì tuntun ń fẹ́.

Inú bulọ́ọ̀kì, ìyẹn sílíńdà, níbi tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀, kì í dán nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta ha á ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dábùú ara wọn bí ojú àwọ̀n. Ìlà yìí ń di ọ́ìlì mú kí irin má baà ha irin ní gbígbẹ. Ó tún ń fá ojú rínìngì, òrùka irin tó yí písítìnì ká, díẹ̀díẹ̀ títí òun àti bulọ́ọ̀kì yóò fi bára mu tí atẹ́gùn kò fi ní ríbi gbà láàárín wọn.

Agbára tí rínìngì fi ń na ara rẹ̀ kò tó fún iṣẹ́ yìí. Gáàsì tó ń jó lórí písítìnì ló ń gba ẹ̀yìn rínìngì, tó ń tì í mọ́ ara bulọ́ọ̀kì. Bí ẹ́ńjìnì kò bá rí iṣẹ́ gidi ṣe, gáàsì yẹn kò ní lágbára tó. Ọ́ìlì tí rínìngì kò gbá kúrò yóò wá jóná mọ́ ibẹ̀, yóò dán bí ìdí ìkòkò tí epo gbẹ mọ́, ìlà tí wọ́n ha yóò sì dí. Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ á máa mu ọ́ìlì, á máa rú èéfín aláwọ̀ búlúù. Kò sí oògùn tó ń tún un ṣe nínú ìgò. Àfi kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún inú rẹ̀ ha. Ó máa ń dunni, nítorí pé ẹni tó fà á rò pé ìtọ́jú lòun ń ṣe.

Bí wọ́n bá sì fún un níná tán lọ́jọ́ kìíní, ibi tí irin kò tíì bára mu yóò gbóná jù, yóò sì ya ara wọn. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà wà: kí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n fún un níná láìjẹ́ kó kọjá ìyípo 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì tú ọwọ́ iná sílẹ̀ kí jíà fúnra rẹ̀ fà á padà. Nígbà tó bá ń fà padà báyìí, ọ́ìlì ń fà sókè sí ara rínìngì, ó ń fọ̀ ọ́, ó sì ń tù ú. Ọ̀nà olókè tó ní kọ́nà ló dára jù. Òpópónà tó tẹ́jú, tí eré kò yí padà fún wákàtí méjì, ni kò ṣe é láǹfààní. Bákan náà ni fún Bajaj onísílíńdà kan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀kadà n'Íbàdàn: gígun Òkè Mápó àti sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀ láìkó èrò méjì sẹ́yìn dára fún un ju kó dúró máa kù láìrìn.

Gbogbo irin tí wọ́n fá yìí, inú ọ́ìlì ló ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí BMW fi ní kí wọ́n gbé e wá láàárín 500 sí 1,200 kìlómítà fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán kò yẹ ẹ́, torí inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà, ó sì lè máa yọ̀. Kí wọ́n wo ara ike rẹ̀ fún àmì JASO MA tàbí MA2, tó fi hàn pé ó yẹ irú kílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Táyà tuntun náà ń yọ̀. Kí wọ́n má tíì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ púpọ̀ ní kọ́nà. Bíréèkì pẹ̀lú ní láti kọ́kọ́ bára mu pẹ̀lú ojú irin tó ń fún.

Ní ti ohun tí wọ́n fẹ́ fi kún un, ó sàn kí wọ́n dúró di ẹ̀yìn àyẹ̀wò yẹn, yàtọ̀ sí ọ̀pá irin tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnì. Sílíńdà méjèèjì BMW yìí yọ síta bí etí lápá ọ̀tún àti òsì, àwọn ló sì lè kọ́kọ́ kanlẹ̀ bó bá ṣubú. Gíláàsì iwájú tó ga, bí àpẹẹrẹ, lè gbé atẹ́gùn kúrò láyà kó sì dà á sórí akoto. Ẹni tí kò tíì gùn ún jìnnà kò lè mọ èyí tó bá gíga rẹ̀ mu. Wáyà iná tí wọ́n bá fi kún un gbọ́dọ̀ ní fíúùsì tó sún mọ́ bátìrì, kí gbogbo gígùn wáyà náà lè wà lábẹ́ ààbò.

Ẹrù ni kí wọ́n ṣírò dáadáa. BMW náà fúnra rẹ̀ jẹ́ 237 kìlógíráàmù, kò sì gbọdọ̀ ju 465 lọ tòun tẹrù, ìyẹn ni pé 228 ló ṣẹ́ kù. Bí ènìyàn méjì pẹ̀lú akoto àti aṣọ bá gba 170, tí àpótí àti ọ̀pá irin gba 25, kìlógíráàmù 33 ló kù fún aṣọ, irinṣẹ́ àti omi. Bí ẹ̀yìn bá sì wọlẹ̀, ọwọ́ á fúyẹ́ níwájú, iná iwájú á máa gún ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì ọ̀nà lójú. Kí wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn le kí wọ́n tó gbéra, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti di gbogbo ẹrù tán.