Tírélà tó kún fẹ́rù náà ń yọ̀ lórí yìnyín

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wa tírélà l'Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ níbi ìkómọ tàbí lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ yìí ò ní pẹ́ yọjú tí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé: "Mọ́tò kékeré ni kó máa bẹ̀rù yìnyín. Tèmi ti wúwo jù, kò lè yọ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

N ò ní fàkókò ṣòfò lórí bóyá tírélà ń yọ̀. Ẹni tó bá ti gba òpópónà I-80 kọjá ní Wyoming nígbà òtútù, láàárín Laramie àti Rawlins, ti rí wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021, ọkọ̀ tó lé ní 130 ló rọ́ lura wọn lórí I-35W ní Fort Worth, tírélà wà nínú wọn, èèyàn mẹ́fà sì kú. Òjò tó ń dì bó ṣe ń kan ilẹ̀ ló fà á. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe lágídí tó. Ó lágídí torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ojú ara wọn ni wọ́n sì fi rí òótọ́ yẹn. Tírélà òfìfo fẹ́ gbéra lórí yìnyín, táyà ẹ̀yìn ń yí lásán, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Wọ́n di ẹrù sí i, táyà gbálẹ̀ mú, ó di ìrìn. Awakọ̀ rí èyí lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ní òun ti mọ yìnyín. Bí a ṣe ń gbéra ló mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń dúró.

Ẹ fara balẹ̀ síbí díẹ̀. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, agbára tí táyà fi ń di ọ̀nà mú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ni táyà fẹ́ dá dúró? Ẹrù yẹn náà ni, òun náà sì ti di ìlọ́po méjì! Ohun tí ẹ fọwọ́ ọ̀tún gbà, ẹ ti fọwọ́ òsì san án padà. Bí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ bá jọ wúwo tó 80,000 pọ́ùn tí òfin gbà lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 36, tọ́ọ̀nù 36 tó ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ náà ló ń tì í níwájú. Àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Tírélà tó ń sáré lórí yìnyín, ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń lé e.

Ẹnì kan á wá ní ìwé tí a fi ń ṣèdánwò CDL, ìyẹn ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá, sọ pé ọkọ̀ òfìfo ń pẹ́ kó tó dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó rẹrù ni wọ́n ṣe bíréèkì àti sípíríǹgì yẹn fún. Òfìfo á máa ta sókè, táyà rẹ̀ á tètè há. Ṣùgbọ́n bí ibà ẹnìkejì bá le ju tiyín lọ, ṣé ara tiyín le nìyẹn? Ìwé yẹn kan náà ló sọ pé ní 55 máìlì ní wákàtí kan, ọkọ̀ tó ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́ máa rìn ju 450 ẹsẹ̀ bàtà lọ kó tó dúró, lórí ọ̀nà gbígbẹ o. Bó bá jẹ́ yìnyín tó ti kì mọ́lẹ̀, ó ní kí ẹ dín eré kù sí ìdajì tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ omi dídì, kí ẹ máa fà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ríbi dúró sí. N ò rí ibi tó ti kọ "àfi bí ẹrù yín bá wúwo" síbẹ̀.

Mo máa ń rò pé èdè wa náà jẹ̀bi díẹ̀. Yìnyín là ń pe gbogbo ẹ̀: èyí tó ń já lu páànù nílé, èyí tó ń bọ́ bí òwú ní Chicago, èyí tó dì gbagidi lójú títì. Táyà ò kà wọ́n sí ọ̀kan. Èyí tó dà bí òwú, táyà ṣì lè rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. Èyí tó dì, tí ojú rẹ̀ wá ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, lewu ju tọjọ́ tí òtútù mú gan-an lọ.

"Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wà á, n ò yọ̀ rí." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n rọra ń wakọ̀ ni, tí wọ́n wá ń fi ògo rẹ̀ fún ẹrù.

N ò sọ pé ẹrù ò wúlò rárá. Tí ẹ bá ń gun òkè, ó wúlò. Nígbà tí atẹ́gùn Wyoming bá ń jà, òfìfo ló máa ń kọ́kọ́ dojú dé. Ṣùgbọ́n lórí I-70 ní Colorado, láàárín Dotsero àti Morrison, òfin ní kí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá gbé ṣéènì táyà dání láti oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Karùn-ún. Àwọn tó wúwo yẹn gan-an lòfin dojú kọ.

Gbogbo èyí, ìgbà tójú ṣì ń ríran ni o. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, yìnyín ṣú bo I-81 ní Schuylkill County, Pennsylvania, lójijì. Nǹkan bí 80 ọkọ̀ kọlura, èèyàn mẹ́fà kú. Ẹ má tan fúùlù sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣe ni gbogbo ibẹ̀ máa tún funfun sí i. Ẹ má sì páàkì sí etí títì bí ọ̀nà mìíràn bá wà, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rò pé iná yín ń lọ, kó tẹ̀ lé e. Òfin 392.14 ti ìjọba àpapọ̀ ní kí awakọ̀ dúró tí ewu bá ti pọ̀ jù, ohun yòówù kí dispatcher, ẹni tó ń rán awakọ̀ níṣẹ́, máa sọ lórí fóònù.

Bí ẹ ò bá sì mọ̀ bóyá ọ̀nà ti ń dì, ẹ yí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan iwájú díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí omi bá ti dì síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti máa dì lábẹ́ táyà yín náà.